Ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gba èyí tí wọ́n fẹ́ẹ̀ fi tọrẹ

Ní ọ̀pọ̀ èbúté lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò ṣòro láti rí ọkọ̀ onígbòkun kan tí wọ́n ti wọ́ jáde kúrò lómi, tí koríko ti hù yí i ká, tí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ lè máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ náà lè ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ìgbòkun rẹ̀ ti gbó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dákẹ́. Síbẹ̀, bí èèyàn bá fi ìkúùkù lu ikùn rẹ̀, ó ṣì le bíi ti ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́.

Ikùn tó le yìí ló ń fa àwọn èèyàn mọ́ra. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn rí láyé wọn, ló ń gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn kan nínú wọn padà gbé ọkọ̀ wọn dé òkun. Ọ̀pọ̀ ló náwó nára títí ó fi sú wọn, tí ọkọ̀ náà sì padà sínú koríko. Kì í sábà jẹ́ ìmọ̀ọ́ṣe ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, bí kò ṣe ibi tí kálukú kọ́kọ́ gbé ojú sí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ná. Ẹni tó kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé ló ní ìrètí.

Níbo ni àwọn ọkọ̀ yìí ti wá?

Títí di nǹkan bí ọdún 1950, igi ni wọ́n fi ń kan èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ afẹ́. Igi ń jẹrà, kòkòrò òkun ń jẹ ẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì ní òpin. Fáíbà ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òwú tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ni fáíbà. Wọ́n á tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele sínú mọ́ọ̀dì tó ní ìrísí ọkọ̀, wọ́n á sì fi oje oníkẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní resin rin ín títí yóò fi le gbagidi. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ èrò láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó mọ ohun tí à ń sọ, nítorí fáíbà ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀sà náà.

Lọ́dún 1942, Ray Greene ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ onígbòkun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fáíbà ṣe. Àmọ́ ọdún 1959 ni ọjà ṣí gan-an. Níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ojú omi ní New York lọ́dún náà, Clinton àti Everett Pearson, tí wọ́n jẹ́ ìbátan, tí ilé iṣẹ́ wọn sì wà ní ìlú Bristol ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, gbé ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Triton jáde. Carl Alberg, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden tó ń gbé Amẹ́ríkà, ló ya àwòrán rẹ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28, owó rẹ̀ kò sì tó 10,000 dọ́là, ìyẹn ni pé ẹni tí kì í ṣe olówó ńlá lè dá a lé. Kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 1967, wọ́n ti ṣe nǹkan bíi 700.

Lára àwọn Triton náà ni Atom, ọkọ̀ tí James Baldwin (kì í ṣe òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà) tún ṣe, tó sì fi yí ayé ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ dànù, ó sì mú kí gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà rọrùn débi tí òun fúnra rẹ̀ fi lè tún un ṣe níbikíbi. Ìtàn irú rẹ̀ ló ń mú kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbàgbọ́ pé ọkọ̀ àlòkù kékeré lè ṣe ohun tí ọkọ̀ olówó ńlá ń ṣe. Òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ tó wà láàárín kò kéré.

Òòlù kékeré àti etí tó ń gbọ́

Ohun tó ń tan àwọn tó ń ra ọkọ̀ jẹ ni pé ikùn ọkọ̀ àti òkè rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà náà, fáíbà nìkan ni ikùn, ó sì nípọn. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ rìn, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní dẹ́ẹ̀kì, rí bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin há láàárín: fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, fáíbà tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, igi balsa tó fúyẹ́ tàbí pákó plywood láàárín. Ó ń mú kí dẹ́ẹ̀kì le láì wúwo. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí wọ́n bá dè mọ́ dẹ́ẹ̀kì, láti orí irin ìdìmú títí dé orí fèrèsé, ni wọ́n fi bóòtù dè, gbogbo bóòtù ló sì ní ihò. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ihò náà kì í pẹ́ ju ọdún mélòó kan lọ. Bó bá ti gbó, omi òjò á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, igi inú á sì máa jẹrà láì sí ẹni tó mọ̀.

Òòlù kékeré tàbí orí irin ìṣíṣẹ́ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń wá a. Wọ́n á máa lu dẹ́ẹ̀kì kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ibi tó dára á dún ketekete. Ibi tó ti jẹrà á dún pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń lu páálí tó tutù. Wọ́n á fi ẹfun yí ibẹ̀ ká. Bí ibi tí wọ́n fi ẹfun yí ká bá pọ̀ ju ibi tó kù lọ, ó yẹ kí olùrajà tún èrò rẹ̀ pa. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò: dẹ́ẹ̀kì tó bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ti sọ ohun tó ń ṣe é.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀, àmọ́ ó le láti ṣe. Wọ́n á gé awọ fáíbà òkè ṣí, wọ́n á ha igi tó ti jẹrà kúrò títí wọ́n á fi kan èyí tó gbẹ, wọ́n á fi igi tuntun rọ́pò rẹ̀ nínú resin, wọ́n á sì tún fáíbà tẹ́ lé e. Ohun tí àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé ni etí ibi tí wọ́n gé. Bí fáíbà tuntun bá kàn fi ẹnu kan ti àtijọ́, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Wọ́n gbọ́dọ̀ fá etí náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí gígùn ibi tí wọ́n fá tó ìlọ́po 12 bí fáíbà náà ṣe nípọn tó. Èyí tó nípọn tó ìdajì íǹṣì yóò gba íǹṣì 6 yíká. Iṣẹ́ náà ń rẹ ẹni, eruku rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àbùjá.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá bóòtù padà, ọgbọ́n kan wà tí kò jẹ́ kí igi inú tún rí omi mọ́. Wọ́n á lu ihò náà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á fi resin kí i pa, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá lu ihò tó bá bóòtù mu sí àárín resin náà. Bí gọ́ọ̀mù bá tiẹ̀ gbó lọ́jọ́ iwájú, resin ni omi yóò bá pàdé, kò ní kan igi.

Ohun tó lè rì ọkọ̀

Dẹ́ẹ̀kì tó jẹrà ń jẹ owó. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀mí ni wọ́n ń gbà, àwọn ló sì yẹ kó ṣáájú.

Èkíní ni àwọn ihò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí omi ẹ́ńjìnnì àti ti ilé ìyàgbẹ́ ń gbà kọjá. Ihò kan tó fẹ̀ tó íǹṣì 2, tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sábẹ́ omi, lè gba omi tó ju 200 lítà lọ wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan. Fáàfù ló ń dí i. Bí fáàfù náà bá jẹ́ ti bronze, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá jẹ́ ti brass lásán, iyọ̀ òkun á máa fa zinc inú rẹ̀ jáde, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, yóò sì di ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ fọ́. Fáàfù tí kò bá ṣeé yí, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn atukọ̀ tó gbọ́n tún máa ń so èdìdì onígi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí ọjọ́ tí rọ́bà bá já kì í ṣe ọjọ́ wíwá irinṣẹ́.

Èkejì ni àwọn irin tó di òpó ìgbòkun mú. Wáyà irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ń dì í, orúkọ náà sì ń tan èèyàn jẹ. Irin náà kì í dípẹtà níbi tí atẹ́gùn bá wà. Níbi tó bá fara sin, tí omi sì dúró sí láì rí atẹ́gùn, bí ibi tí pẹpẹ irin tó so wáyà mọ́ra ti gba inú dẹ́ẹ̀kì kọjá, inú ló ti ń jẹ ẹ́, òde á sì máa dán. Àfi kí wọ́n yọ ọ́ síta kí wọ́n tó rí i. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í gbà kí wáyà lò ju ọdún 10 sí 15 lọ. Bí wáyà kan ṣoṣo bá já nínú ìjì, òpó lè wó lu ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni epo bẹntiróò. Ẹ́ńjìnnì Atomic 4 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Triton ń lò ó. Èéfín epo yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń wọ̀ sí, kì í sì í jáde bíi ti inú mọ́tò. Iná táṣẹ́rẹ́ kan lè mú kó bú gbàmù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi fáànù fẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó kéré tán, kí wọ́n tó ṣí ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ti fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tàbí ti iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́ta yìí, ìléròrò abẹ́ ọkọ̀, tó ń já àwọn olùrajà láyà jù, kì í sábà burú tó bí wọ́n ṣe rò. Omi ló ń gba awọ òde kọjá díẹ̀díẹ̀ tó ń wú u. Bí wọ́n bá tú u, omi tó jáde á máa rùn bí ọtí kíkan. Wọ́n á ha á, wọ́n á fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ gbẹ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á sì fi epoxy kùn ún. Ó gba sùúrù, àmọ́ ọkọ̀ tí ìléròrò rì ṣọ̀wọ́n.

Resin kò mọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Oríṣi resin méjì ló wọ́pọ̀. Polyester ni wọ́n fi ṣe àwọn ọkọ̀ àtijọ́, kò sì wọ́n. Epoxy wọ́n jù ú lọ, àmọ́ òun ló ń lẹ̀ mọ́ fáíbà tó ti gbẹ dáadáa, nítorí náà òun ni wọ́n ń lò fún àtúnṣe tó lágbára. Epoxy máa ń lẹ̀ mọ́ polyester àtijọ́. Polyester kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ epoxy tó ti gbẹ. Ẹni tí kò bá mọ èyí á ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tó máa ṣí bí èèpo.

Wíwọ̀n ni iṣẹ́ epoxy. Fífi kún kẹ́míkà tó ń mú un le kò ní kó tètè gbẹ, ńṣe ni yóò kàn máa rọ̀ títí ayé. Bí wọ́n bá sì po púpọ̀ sínú ike tó jinlẹ̀, ó lè gbóná títí tí yóò fi máa rú èéfín. Kó tó di pé wọ́n fi sánpépà ha á, omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń nù ún, nítorí ohun kan bí ìda tó máa ń yọ sójú rẹ̀.

Ìpalára rẹ̀ kì í tètè hàn. Ẹlòmíràn á fi ọwọ́ lásán kàn án fún ọdún kan láì sí wàhálà, lọ́jọ́ kan ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún, àti ọjọ́ náà lọ, kò ní lè sún mọ́ epoxy mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ní ti eruku fáíbà, ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà Kòrónà kò tó. Èyí tó ní àsẹ́ tó sì lẹ̀ mọ́ ojú ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́míkà tí wọ́n ń kán sí polyester sì lè fọ́ ojú, nítorí náà awò ìdáàbòbò pọn dandan.

Iṣẹ́ ọdọọdún

Ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe tán kò tíì tán. Lọ́dọọdún tàbí ọdún méjì síra, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á ha ìṣáwùrú àti ewé òkun kúrò lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì tún ọ̀dà tó ń lé wọn kùn. Bàbà ló sábà wà nínú ọ̀dà náà nísinsìnyí. Èyí tó ní kẹ́míkà TBT, tó ń ba ìgbín àti ìṣáwùrú jẹ́, ti di èèwọ̀ lágbàáyé lábẹ́ àdéhùn àjọ IMO tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2008. Wọ́n tún ń pààrọ̀ ègé zinc tí wọ́n dè sí ẹ̀bá irin inú omi. Iṣẹ́ zinc náà ni pé kí òkun máa jẹ òun dípò irin. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti lọ, wọ́n á fi òmíràn síbẹ̀.

Ìṣirò owó kì í dùn gbọ́. Ìgbòkun tuntun, wáyà tuntun àti ẹ́ńjìnnì tuntun, èyíkéyìí nínú wọn lè ju iye tí wọ́n lè ta odindi ọkọ̀ náà lọ, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí sì ń gorí ara wọn lóṣooṣù. Ẹni tó bá ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe nítorí èrè ti ṣìnà. Don Casey, tí ìwé rẹ̀, This Old Boat, jáde lọ́dún 1991, wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ náà di ohun tí ará ilé lásán lè dáwọ́ lé.

Nígbà tí kò bá sí àtúnṣe mọ́

Ohun tó mú kí ọkọ̀ fáíbà wu èèyàn náà ló sọ òkú rẹ̀ di wàhálà. Kì í jẹrà bí igi, kò ṣeé yọ́ bí irin, èéfín rẹ̀ sì léwu bí wọ́n bá sun ún. Nítorí náà ni àwọn tí ọkọ̀ ti sú fi ń tú okùn rẹ̀ lóru, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ìgbì gbé e lọ sínú ẹrẹ̀. Ìpínlẹ̀ Washington dá ètò tó ń palẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2002. Ní Faransé, àjọ APER bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ àlòpatì lọ́dún 2019 láì gba owó ìtúpalẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Owó gbígbé e débẹ̀ nìkan ni oníǹkan ń san. Ní Rhode Island, níbi tí wọ́n ti ṣe Triton, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi ti dán ọ̀nà mìíràn wò: wọ́n ń lọ ọkọ̀ fáíbà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì ń kó o lọ sí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì, níbi tí resin rẹ̀ ti ń jó bí epo, tí gíláàsì rẹ̀ sì ń dara pọ̀ mọ́ símẹ́ńtì.