Àjàyí Crowther àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọ̀nà Jíjìn

Ní sáà tó kọjá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ẹ̀gbọ́n wa kan kúrò nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe pọ̀. Ó ti jáde ní ẹ̀ka yìí, New York ló ń gbé, òun ló sì ń bá wa yẹ àkọtọ́ wò. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí WhatsApp. A ti pinnu pé kò ṣe mọ́ kí a tó rí i pé ó ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í ṣí. Aago mẹ́jọ alẹ́ tí à ń pè é, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́hùn-ún, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ojú tì wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n mọ́ Bíbélì Yorùbá. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ni, ọ̀nà jíjìn náà ni wọ́n sì ti dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ọmọ Òṣoògùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Èkó ló fi ṣe ibùgbé, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní Onitsha, Lọ́kọ́ja, Bonny àti Brass. Sàró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹgbẹ́ CMS tó ń san owó iṣẹ́ náà wà ní London, níbi tí akọ̀wé wọn, Henry Venn, ti ń fi lẹ́tà darí ohun gbogbo.

Ẹ wo irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Crowther. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ló sábà máa ń bá wọ̀, ìgbà tí odò Ọya bá sì kún nìkan ni ọkọ̀ ńlá lè gòkè dáadáa. Ní October 1857, ọkọ̀ Dayspring tó gbé e fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. John Glover ni ó gba orí ilẹ̀ wá sí Èkó láti wá ohun tí wọn yóò máa lò. Ní gbogbo àkókò yẹn, J. C. Taylor tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Onitsha ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Kò sí bí Crowther ṣe lè bi í pé, "Báwo ni?" kí ó sì gbọ́ èsì lọ́jọ́ kejì.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó gbé e ró ni ìgbẹ́kẹ̀lé: Venn gbà pé ó yẹ kí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà máa darí ìjọ ara wọn. Ìkejì ni àdéhùn tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé. Thomas King bá Crowther ṣe ìtumọ̀ Bíbélì títí ó fi kú ní 1862, àwọn mìíràn sì tẹ̀ síwájú. Bí olúkúlùkù bá ń kọ èdè bó ṣe wù ú, iṣẹ́ wọn kò lè ṣọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pàdé ní Èkó ní January 1875 lórí àkọtọ́, tí Crowther sì jẹ́ alága. Ní 1884, odindi Bíbélì parí. Ọdún yẹn náà ni orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington, tí wọ́n yan Greenwich gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ó ti máa ka àkókò ayé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: àwọn tó jìnnà síra nílò ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí.

Àmọ́ Venn kú ní 1873. Ní 1880, wọ́n rán míṣánnárì kan, J. B. Wood, lọ wo iṣẹ́ odò Ọya. Ó kọ ẹ̀sùn jọ nípa àwọn òṣìṣẹ́, ìwé náà sì dé London kí Crowther tó fojú kàn án. Ní 1890, ní ìpàdé kan ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣánnárì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti England dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Dandeson, wà lára wọn. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún náà fi ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀.

A ò ní purọ́: àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣe àṣemáṣe lóòótọ́, àwọn kan sì sọ pé Crowther rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ ṣe fẹ́ máa ṣọ́ gbogbo etí odò? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lójú tiwa, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ọ̀nà jìn bẹ́ẹ̀ náà nígbà ayé Venn. Ohun tó yí padà ni pé wọn kò bi í léèrè mọ́ kí wọ́n tó gba ohun tí ẹlòmíràn sọ.

Crowther kú ní Èkó ní December 31, 1891. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1892, àwọn ìjọ ẹsẹ̀ odò tí Dandeson ń darí dá dúró gẹ́gẹ́ bí Niger Delta Pastorate, wọn kò sì gba àṣẹ London mọ́.

Ní tiwa, a ti bẹ ẹ̀gbọ́n wa. A ti fẹnu kò lórí ibi kan ṣoṣo tí a ó máa fi iṣẹ́ sí, àti wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ retí èsì. Bí ẹnì kan bá sì dákẹ́, a ó kọ́kọ́ bi í léèrè.