Odawna, Accra: Ibo ni òkun ń gbé ìdọ̀tí odò Odaw lọ?

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, àgbàrá òjò bo agbègbè Circle àti Odawna nílùú Accra, ilé epo kan gbiná, ẹ̀mí tó lé ní 150 sì bọ́. Ìdọ̀tí tó dí odò Odaw wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi. Èyí tí kò bá dí odò náà, ọ̀sà Korle ló ń gbà wọ inú òkun. Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Àwọn Potogí tó kọ́ odi Elmina lọ́dún 1482 mọ apá kan ìdáhùn rẹ̀: àlọ sí ìlà-oòrùn máa ń yá, àbọ̀ ló ń ni ọkọ̀ wọn lára. Láàárín 1885 sí 1888, Ọmọọba Albert ti Monaco ju ọ̀pọ̀ ìgò sínú òkun Atlantic láti mọ ibi tí omi ń lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ìgò gúnlẹ̀ sí nìkan ló lè sọ, kì í sọ ọ̀nà tó gbà. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré ló ń léfòó, tí sátẹ́láìtì ń tọpasẹ̀ rẹ̀; aṣọ tí wọ́n so sísàlẹ̀ rẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 15, ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa tì í kiri.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà Lomé, Cotonou àti Èkó ni omi etíkun yìí ń ṣàn sí. Àmọ́ ọ̀rá àti ike kò ní aṣọ kankan nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ láti gúúsù ń tì wọ́n padà sí èbúté, àwọn apẹja Accra sì ń fi àwọ̀n kó wọn mọ́ ẹja.