Ilé Wood ní Agbodrafo àti Ilé Kọ̀màǹdáǹ Tiwa

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, a jíròrò lórí ilé àtijọ́ kan ní agbègbè wa, èyí tí wọ́n kọ́ ní ayé ìjọba Faransé kí Kọ̀màǹdáǹ lè rí ibi sùn nígbà tí ó bá ń bẹ àwọn ìlú wò. Campement ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Òrùlé rẹ̀ ti wó, koríko ti hù nínú yàrá, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ ṣì dúró. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ní kí a tún un ṣe, kí a sọ ọ́ di ilé àlejò fún àwọn tó ń wá ṣe ọdún lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ohun tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tí a ó kọ sára ògiri rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ àti orúkọ Kọ̀màǹdáǹ, kí a sì fi mọ síbẹ̀. Èmi ní kí a má tíì kọ nǹkan kan. Mo ti sùn létí ọ̀sà kan ní ilẹ̀ Togo, mo sì rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn ilé àtijọ́ tiwọn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ rò fún yín.

Láti Ko-Koumolou, mo gba Ìfọ̀nyìn dé Àjàṣẹ́. Láti ibẹ̀ mo wọkọ̀ lọ sí Kútọnu, mo kọjá Ouidah àti Grand-Popo, mo sì dé ẹnubodè ní Hillacondji. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Togo tí a jọ wà ní yunifásítì, ń dúró dè mí ní Aného. A jọ gba ẹ̀bá Kpémé kọjá, níbi tí afárá gígùn kan ti wọ inú òkun, tí wọ́n fi ń kó fọ́sífétì sínú ọkọ̀ ojú omi. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi dé Agbodrafo. Ìlú kékeré ni. Bí o bá kọjú sí Lomé, òkun wà lọ́wọ́ òsì rẹ, Ọ̀sà Togo sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn wọlé, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ti bá a lọ. Ilé àlejò kékeré kan létí ọ̀sà ni a sùn sí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí omi ẹ̀rọ wọn kò yọ títí ilẹ̀ fi mọ́, garawa ni a fi wẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń wọlé lóru náà, owó kò lè rà á.

Àwọn ará Adjigo, tí ìjà oyè lé kúrò ní Aného, ni wọ́n tẹ ìlú náà dó. Àwọn Potogí pe ibẹ̀ ní Porto Seguro, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èbúté tó ní ààbò. Ta ni ààbò náà wà fún? Ilé tí a torí rẹ̀ lọ ni yóò dá wa lóhùn.

Ilé Wood ni wọ́n ń pè é. Orúkọ oníṣòwò kan, ọmọ ilẹ̀ Scotland, John Henry Wood, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọdún 1835 ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé pẹlẹbẹ ni, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jọ àwọn ilé Àgùdà tí a mọ̀ ní Àjàṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ti tún un ṣe. Ẹni tó bá rí i láti òde yóò rò pé ilé olówó kan tó ní sùúrù ni, kò sí ohun tó burú lójú rẹ̀. Nínú pálọ̀ ni wọ́n ti gbé pákó kan kúrò nílẹ̀ fún wa, a sì rí ihò. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ilé náà ṣófo, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ tà sí, títí ọkọ̀ yóò fi dé. Àwọn oníṣòwò ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń ṣírò owó lórí pákó. Àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran ara ń lóṣòó lábẹ́ pákó kan náà.

Mo sọ̀kalẹ̀ sínú ihò náà. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ọgọ́ta, orúnkún mi kò sì fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi wà níbẹ̀ tí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi lókè, ó ń bá ẹni tó mú wa yíká ṣàwàdà. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbọ́ ketekete.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi ènìyàn pamọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá òwò ẹrú dúró láti ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ etíkun wa. Brazil pẹ̀lú ti ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1831, àmọ́ wọn kò mú un ṣẹ títí wọ́n fi ṣe òmíràn ní ọdún 1850. Òwò náà kò kú, ńṣe ló wọ abẹ́ pákó lọ. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tí wọ́n ń kó jù lọ ní etíkun yìí. Nagô ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ bí wọ́n bá dé Bahia, orúkọ tí àwọn Faransé ṣì ń pe àwa náà títí di òní.

Ọdún 1835 tí wọ́n kọ́ ilé náà, ẹ jẹ́ kí n tún bá yín wò ó. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún yẹn, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá dìtẹ̀ sí àwọn tó ń jẹ gàba lé wọn lórí ní Salvador, ní Bahia. Ìjọba borí wọn, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira padà sí Áfíríkà. Lára irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Àgùdà tó wá ń gbé Agoué, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí wọ́n kọ́ lóko ẹrú ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé tí a ń fi yangàn lónìí. Bí Bahia ṣe ń lé àwọn kan padà, ni àwọn kan ń kọ́ ilé tuntun ní Agbodrafo láti fi kó àwọn mìíràn lọ. Kì í sì ṣe òyìnbó nìkan ló ń ṣe é. Ní Àjàṣẹ́ tiwa níhìn-ín, Domingos Martins ti Bahia ta ènìyàn, ó sì ta epo pupa, ó di ọlọ́rọ̀ nínú méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ bíi tiwa, tí ń gbé oyè àti adé lárugẹ, ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí. Ọba Assiakoley ló fún Wood ní àyè láti kọ́ ilé náà, ìdílé rẹ̀ ni ilé náà sì bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí òwò parí. Wọn ì bá ti dí ihò náà. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Wọn kò dí i. Ọmọ ìlú náà ló gbé pákó kúrò nílẹ̀ fún wa pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ ojú omi la ọ̀sà kọjá sí Togoville. Abúlé náà ló fún gbogbo orílẹ̀-èdè Togo ní orúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni etí omi. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal ti Jámánì bá wọn ṣe ìwé àdéhùn ní orúkọ Ọba Mlapa Kẹta. Ọ̀pá ọba ló wà níbẹ̀, ẹni tó gbé ọ̀pá ló sì fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọba fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ èyí fún àlejò láìfi bò.

Mo padà sílé, mo sì ń ronú nípa ilé Kọ̀màǹdáǹ. Ta ló kọ́ ọ? Ní ayé Faransé, iṣẹ́ tipátipá ni wọ́n fi ń la ọ̀nà, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ ilé ìjọba. Bí ọkùnrin kan bá kọ̀, Kọ̀màǹdáǹ lè tì í mọ́lé láìsí ẹjọ́. Òfin ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1946, tí wọ́n fi orúkọ Houphouët-Boigny pè, ló fòpin sí i. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, wà lára àwọn tó gbé amọ̀ ilé náà lórí ní àsìkò ogun Hitler. Wọn kò sanwó fún wọn. Oúnjẹ wọn ni wọ́n gbé lọ láti ilé. Ó ní nígbà tí ilé parí, kò tún wọ inú rẹ̀ mọ́ àfi bí ó bá ń gbé omi ìwẹ̀ lọ fún Kọ̀màǹdáǹ.

Àwọn olóyè wa ni wọ́n ń kó ènìyàn jọ fún iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí àwọn kan nínú wa. Kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún wọn náà: oyè kò ní agbára mọ́ nígbà náà. Lẹ́yìn tí Ọba Tòfà wàjà ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1908, Faransé kò tilẹ̀ pe ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní ọba mọ́, olórí ni wọ́n pè é. Olóyè tí kò bá kó ènìyàn wá yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀. Kí a kọ èyí náà síbẹ̀.

Àwọn tó gbé amọ̀ ti lọ tán. Àmọ́ àwọn àgbà mẹ́ta tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá wọn níbi iṣẹ́, ṣì wà láàyè, ẹni tó kéré jù nínú wọn sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ti jókòó ti ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́. Ó dárúkọ ọkùnrin mọ́kànlá kí ó tó rẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí n padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Orúkọ bàbá mi ni ìkẹrin.