Àwọ̀ tí kò ti inú ìkòkò aró wá



Ẹni tí ó bá ti wọ aṣọ aró pẹ́ mọ̀ pé bí a ti ń fọ̀ ọ́, tí a ń sá a sóòrùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣá. Nítorí èyí ni ìtàn èso kékeré kan ṣe gbà mí lọ́kàn. Ní 1974 ni wọ́n já a ní ilẹ̀ Gánà, ó sì wà ní ilé àkójọ ewéko ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù. Pollia condensata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ń hù. Hóró rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ. Ọdún 38 kọjá lórí rẹ̀, ó gbẹ, síbẹ̀ ó ń dán bí irin, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ṣá.

Ní 2012 ni Silvia Vignolini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àlàyé jáde. Kò sí aró kankan nínú èèpo èso náà tí ó fún un ní àwọ̀ yẹn. Sẹ́lúlóòsì ni wọ́n bá níbẹ̀, ohun kan náà tí òwú fi jẹ́ òwú. Àwọn fọ́nrán rẹ̀ tẹ́ lé ara wọn ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì yí díẹ̀ kúrò ní ibi tí ti abẹ́ rẹ̀ kọjú sí, bí àtẹ̀gùn tí ó ń lọ́ lọ sókè. Bí ìlọ́ náà bá ṣe gùn sí ni yóò pinnu ìmọ́lẹ̀ tí yóò ta padà sí ojú wa. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé apá ọ̀tún ni ìlọ́ inú ẹ̀yà kan ń yí sí, apá òsì ni ti aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí ti pẹ́. Ní 1848, Louis Pasteur fi ọwọ́ ya hóró kírísítálì tí wọ́n jọ ara wọn bí ènìyàn àti òjìji rẹ̀ nínú dígí, ó sì rí i pé ọ̀nà òdìkejì ni wọ́n ń yí ìmọ́lẹ̀ sí. Bàtà ọ̀tún kò sá bá ẹsẹ̀ òsì mu. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ní Kánádà fi hàn pé èérún sẹ́lúlóòsì, bí a bá tú u sínú omi, yóò to ara rẹ̀ ní ìlọ́ bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni tí ó tò ó.

Àwa òpìtàn Ìjẹ̀bú ti fi Ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892 jẹun pẹ́ (èmi náà wà níbẹ̀). Òwú tí àwọn ìyá wa fi ń hun aṣọ olónà fún àwọn Òṣùgbó kò jẹ́ ìtàn lójú wa, bẹ́ẹ̀ ni igbó. Ní 1925 ni wọ́n ya Igbó Ọmọ sọ́tọ̀; ní 1977 ni UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí ayé gbọ́dọ̀ ṣọ́. Àwọn agégẹdú àti olóko kòkó ti wọ inú rẹ̀ jìnnà. Àbá tí mo mú wá ni pé kí ẹ̀ka wa àti ti onímọ̀ ewéko jọ wọ igbó náà, kí a kó ohun tí ó kù jọ, kí a sì fi í pamọ́ sí ilé àkójọ ewéko tí ó wà ní Ìbàdàn, kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.