Ohun Tí Bàbá Kan Sọ fún Olùkọ́ Ọmọ Rẹ̀ ní Kairouan

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ọmọ tí apá ilé kò ká, tí apá ilé-kéwú náà kò sì fẹ́ẹ́ ká. Bí wọ́n ní kí ó jókòó, yóò dìde. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ka wàláà, òun ń wá ẹni tí yóò bá jà. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbà. Àwọn kan á wọ́ ọmọ lọ bá àáfà, wọ́n á ní, "Àáfà, mo ti fà á lé yín lọ́wọ́, bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni kí ẹ ṣe é." Wọ́n á yí ẹ̀yìn padà, ó di ọjọ́ wólíìmọ̀. Àwọn mìíràn á gbọ́ pé wọ́n bá ọmọ wọn wí, wọ́n á gbé ìjà lọ sí ilé-kéwú, wọ́n á bú olùkọ́ lójú ọmọ, wọ́n á sì mú ọmọ lọ sí ibòmíràn. Nínú ọ̀nà méjèèjì, ọmọ ni ó ń pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn ẹni ìṣáájú ṣe ṣe tiwọn.

Ìlú Kairouan wà ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí. Ibẹ̀ ni Imam Sahnun gbé, ẹni tí ó ṣe àkójọ ìwé Mudawwana, ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ojú ọ̀nà Imam Malik dúró lé. Nígbà tí ó fi ọmọ rẹ̀ Muhammad sí ọ̀dọ̀ olùkọ́, ìtàn jẹ́ kí á mọ̀ pé ó jókòó ti olùkọ́ náà, ó sì ṣàlàyé ọmọ rẹ̀ fún un. Ó ní ọmọ yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń fi pàṣán àti ọ̀rọ̀ líle tọ́. Ìyìn àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni kí ó máa fi tọ́ ọ. Ó tún sọ ìrètí tí ó ní fún un: pé yóò dá yàtọ̀ láàárín àwọn ará ìgbà rẹ̀.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Sahnun kò sọ pé kí olùkọ́ ṣe bí ó bá ṣe wù ú. Kò sì sọ pé kí ó má bá ọmọ òun wí. Ohun tí òbí nìkan mọ̀ ni ó fún olùkọ́: irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́, ohun tí ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, àti ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó dé. Mélòó nínú wa ni ó ti bá olùkọ́ ọmọ rẹ̀ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí rí?

Ọmọ náà dàgbà, ó sì di àgbà onímímọ̀. Òun ni Muhammad ibn Sahnun, tí ó kú ní ọdún 256 Hijrah (870). Ó kọ ìwé kan lórí ìwà tí ó yẹ olùkọ́ àwọn ọmọdé, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ nínú Isilaamu tí ó dá lórí iṣẹ́ olùkọ́ nìkan. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé náà ní bí ọmọ kò bá wá, kí olùkọ́ fi tó àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ létí. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ lu ọmọ ní orí tàbí ní ojú. Kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ tàbí omi dù ú. Ọmọ olówó àti ọmọ tálákà gbọ́dọ̀ dọ́gba lójú rẹ̀. Bí ìbáwí bá sì fẹ́ kọjá pàṣán mẹ́ta, àfi kí bàbá ọmọ fọwọ́ sí i. Ẹ rí i pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé olùkọ́ kò lè dá ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe láìsí òbí níbẹ̀.

Imam al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 505 Hijrah (1111), fi kún un nínú Ihya. Ó ní àmáànà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Bí ó bá ṣe dáadáa, kí á yìn ín lójú àwọn ènìyàn. Bí ó bá ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, kí á mójú kúrò. Bí ó bá tún un ṣe, kí á bá a wí ní ìkọ̀kọ̀. Ó kìlọ̀ pé kí á má máa bá a wí ní gbogbo ìgbà, nítorí etí rẹ̀ yóò di sí ìbáwí. Ó sì ní kí á jẹ́ kí ó ṣeré lẹ́yìn ẹ̀kọ́, torí pé ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó ṣeré, ọkàn rẹ̀ yóò kú sí ẹ̀kọ́. Ibn Khaldun náà, tí ó kú ní ọdún 808 (1406), sọ nínú Muqaddima rẹ̀ pé ọmọ tí a fi ìnira tọ́ yóò kọ́ irọ́ àti ẹ̀tàn, kí ó lè fi bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Àwọn Yorùbá ní ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí igba ènìyàn náà kò bá bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọmọ á rí àárín wọn sá gbà. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ lọ bá àáfà nígbà tí kò sí ìjà nílẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nílé fún un, ì báà jẹ́ ọmọ tuntun tí ó dé, àìsàn, tàbí ìyapa bàbá àti ìyá. Ẹ bi í pé, "Kí ni ẹ rí lára rẹ̀ tí àwa kò rí?" Bí ẹ bá ní èdè àìyedè, ẹ yanjú rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ. Ẹ̀yin àáfà náà, ẹ má dúró di ìgbà tí ọmọ bá fọ́ nǹkan kí ẹ tó ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ tí ó bá ka súúrà rẹ̀ já, kí ọmọ lè mọ̀ pé ìròyìn rere rẹ̀ náà ń délé.

Àwọn àgbà wa sì ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ náà wí, ọwọ́ méjèèjì kò sì gbọdọ̀ máa bá ara wọn jà.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa, kí Ó san àwọn olùkọ́ wọn ní ẹ̀san rere, kí Ó sì má jẹ́ kí ìkankan nínú wọn ṣìnà mọ́ wa lọ́wọ́. Āmīn.