ẹ̀wà àti ìrẹsì láìsí ẹran

Irú ọ̀rọ̀: àpólà orúkọ
Ohùn: ẹ̀wà (dò-dò), ìrẹsì (dò-re-dò), ẹran (re-re)

Ìtumọ̀
Oúnjẹ tí a fi ẹ̀wà àti ìrẹsì sè pọ̀ nínú ìkòkò kan, tí a kò fi ẹran sí. Níhìn-ín, a lò ó fún Hoppin' John, oúnjẹ àwọn ará South Carolina àti Georgia ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tí a bá yọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ kúrò.

Ìtàn ní ṣókí
Ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀wà tí wọ́n fi ń sè é ti wá. Ó bá òwò ẹrú kọjá òkun, ó sì di oúnjẹ àwọn tí wọ́n kó lọ sí oko ìrẹsì South Carolina. Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ jù, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé yóò mú oríire wọ ọdún tuntun. Sarah Rutledge kọ ìlànà sísè rẹ̀ sínú The Carolina Housewife, tí ó jáde ní Charleston ní 1847, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí kò bá sí ẹran, atúmọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde.

Sísè rẹ̀
1. A ó ṣa ife ẹ̀wà 1, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú.
2. A ó da omi náà nù, a ó gbé ẹ̀wà kaná pẹ̀lú ife omi 5, a ó sì sè é títí yóò fi rọ̀ láìfọ́. A ó sẹ́ omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Òun ni yóò rọ́pò omi ẹran.
3. A ó fi òróró dín àlùbọ́sà, ata tútù tí kò ta, sẹ́lẹ́rì àti aáyù tí a gé wẹ́wẹ́.
4. A ó da ife ìrẹsì 1 tí a ti fọ̀ sí i, àti ẹ̀wà náà, ife 2 nínú omi ẹ̀wà, iyọ̀, táìmù, àti ata lílọ̀ tí a fi èéfín gbẹ. Ata yìí ni yóò mú òórùn èéfín tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ì bá mú wá.
5. A ó dé e lórí iná díẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. A ó sọ ọ́ kalẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ ní dídé fún ìṣẹ́jú 10 kí a tó bù ú.

Àkíyèsí lórí ìlò

*Láìsí ẹran.* Nínú èdè Yorùbá, ẹran kò kó ẹja àti edé mọ́ra. Ẹ wo ìbéèrè àti ìdáhùn yìí:

– Màmá, ṣé ẹran wà nínú ẹ̀wà yìí?
– Kò sí ẹran níbẹ̀ o, ọmọ mi. Edé díẹ̀ ni mo fi sí i.

Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ká ní ó dákẹ́ lẹ́yìn gbólóhùn kìíní, òótọ́ náà ni yóò ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí edé kì í bá lára mu ì bá jẹ ẹ́, ì bá sì ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ alásè kì í sì í ka omi ẹran sí ẹran. Bí ìwé tí a ń túmọ̀ bá yọ gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀, kí a dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò péye: *Oúnjẹ yìí kò ní ẹran.*
Ó péye: *A kò fi ẹran, ẹja, edé tàbí omi ẹran se oúnjẹ yìí.*

*Gúúsù.* Má ṣe pe Hoppin' John ní oúnjẹ Gúúsù Amẹ́ríkà: ilẹ̀ tí Bràsíl àti Perú wà ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Kọ *àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà*, tàbí kí o dárúkọ ìpínlẹ̀ náà.

*Àdàlú.* Ẹ̀wà àti àgbàdo ni àdàlú. Má ṣe lò ó fún ẹ̀wà àti ìrẹsì.

*Sè àti se.* Ohùn ìsàlẹ̀ orí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: *mo se ẹ̀wà*, ṣùgbọ́n *mo sè é*. Bẹ́ẹ̀ náà ni *fọ ẹ̀wà, fọ̀ ọ́* àti *ṣa ẹ̀wà, ṣà á*.

*Àmì ohùn.* Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ yìí láìsí àmì nígbà tí o bá ń wá a, ẹ̀wà (oúnjẹ), ẹwà (dídára ojú) àti ẹ̀wá (òǹkà) ni yóò jáde pọ̀. Yẹ ohùn wò kí o tó mú ìtumọ̀.

Ẹ tún wo: àdàlú, edé, erèé, ìrẹsì, omi ẹran, sè