Bí clim ṣe dé inú bâchée àtijọ́



Ẹni tó bá ti wọ 404 bâchée rí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé fèrèsé ni clim rẹ̀. Ẹ ṣí i, eruku pupa bo ojú. Ẹ tì í, ẹ ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Ọkọ̀ ẹrù ni Peugeot ṣe é, láyé ìgbà tí clim ṣì jẹ́ ohun afẹ́. Lónìí ọ̀pọ̀ ló fẹ́ fi í sínú bâchée bàbá wọn.

Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Packard ló kọ́kọ́ tà á, fún ọkọ̀ ọdún 1940, ní dọ́là 274. Kò sí ohun tó ń já compresseur kúrò lára ẹ́ńjìnnì: bí òtútù bá pọ̀ jù, awakọ̀ á dúró, á pa ọkọ̀, á lọ yọ courroie! Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Ní 1954, Nash kó gbogbo rẹ̀ sí iwájú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni frigoriste ń ṣe é sí bâchée títí dòní: compresseur lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, condenseur níwájú radiateur, évaporateur lábẹ́ tableau de bord.

Níwájú radiateur, ẹ gbọ́ ná. Afẹ́fẹ́ tó ti gbóná lára condenseur ló kù fún radiateur. Bí radiateur bá ti dí, omi á hó kí ẹ tó dé ìlú kejì. Ẹ fọ̀ ọ́ ná, ẹ fi ventilateur kún un, kí owó tó lọ sórí clim.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló wá le jù. R-12 ni ọ̀pọ̀ clim ọkọ̀ àtijọ́ ń lò. Ní 1974, Molina àti Rowland fi hàn pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lè ba ozone jẹ́, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bò wá lókè lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montréal ní 1987, R-134a sì rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ṣùgbọ́n epo tó ń bá R-12 rìn kì í bá R-134a rìn. Bí wọ́n bá rọ gáàsì tuntun lé epo àtijọ́, epo ò ní yí ká dáadáa, compresseur á sì jóná.

Nítorí náà, bí ẹ bá ra clim tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, ẹ wo ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ gáàsì sí. Ti R-12, yíyí ni wọ́n ń yí i mọ́ra bíi nọ́ọ̀tì. Ti R-134a, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, àyàfi bí ẹnì kan bá ti pààrọ̀ ẹnu náà.

R-134a pàápàá ò ní pẹ́ lọ: kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ayé gbóná, àdéhùn Kigali ti 2016 sì ní kí wọ́n máa dín irú rẹ̀ kù.

Ta ló rántí bâchée àkọ́kọ́ tó ní clim ládùúgbò yín?